Odò Tó Kún Nígbà Ọyẹ́

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ ayé mi bẹ̀rẹ̀, níwájú gáréèjì Ìkẹ̀rẹ́, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù tó kọjá ló parí. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń kọ irú ìwé yìí, kí àwọn ọ̀dọ́ lè rí nǹkan fi yan iṣẹ́. Èmi kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́, tí mo sì fẹ́ràn, ti kógbá sílé. Ọ̀gá mi ti ta ọkọ̀ tí a fi ń ṣe é. N kò rí orúkọ mìíràn pe ara mi ju ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lọ. Ẹ má bínú bí mo bá ń ṣàlàyé ọkàn mi jù. Bí nǹkan bá dùn mí, mo máa ń fẹ́ mọ ibi tó ti ń dùn mí gan-an.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo gboyè nínú ìmọ̀ Ìtàn, mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo sì padà sílé màmá mi ní Ìkẹ̀rẹ́ láti máa retí ìjọba tuntun tí gbogbo wa rò pé yóò gba gbogbo wa síṣẹ́. Mo kọ lẹ́tà títí ọwọ́ fi ń ro mí. Bàbá Jẹ́jẹ́, ará Èmùré, ń wá ẹni tí yóò máa bá òun kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ó gbà mí. Owó tó ń san fún mi kò tó ohun tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Dírẹ́bà ilé ẹ̀kọ́ girama kan ni Bàbá Jẹ́jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó fi owó tí wọ́n fún un ra àlòkù bọ́ọ̀sì tí òun fúnra rẹ̀ ti ń wà tẹ́lẹ̀, ó kọ JẸ́JẸ́ sí iwájú rẹ̀, ó sì ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ wo ibi àtijọ́: omi gbígbóná Ìkógósì, àwọn ère òkúta Èsìẹ́, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀. Ẹ̀sìkọ́ṣọ̀n ni àwọn ọmọ ń pè é. Ohun tí àwọn òbí kì í rí ni pé ọkọ̀ wíwà nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà. Ìṣúná ni. Ká mọ iye tí ìrìn-àjò yóò jẹ kó tó jẹ ẹ́, ká pín in sórí àwọn ọmọ, kí ọmọ àgbẹ̀ lè san án, kó tó wọn lọ, kó sì tó wọn bọ̀.

Màmá mi, tó ń ta aṣọ òkìrìkà lọ́jà Ìkẹ̀rẹ́, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

"Fúnmi, o lọ sí yunifásítì, o wá di ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀?"

"Mọ̀ọ́mi, akọ̀wé ni mí."

"Akọ̀wé inú bọ́ọ̀sì! Ó dáa. Bí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ma ní o wà ní ọ́fíìsì tó ń rìn."

Ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi. Ojú ń tì mí, ìtìjú náà sì tún ń ya èmi alára lẹ́nu, nítorí inú mi ń dùn sí iṣẹ́ náà láti ọjọ́ kìíní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Òfin kan ló ní: ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì tẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá owó lé e. Kí a tó kọ ìṣúná fún ilé ẹ̀kọ́ kankan, èmi àti òun yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ibi náà. Ìbáà jẹ́ ibi tí a ti lọ rí, a máa tún un tẹ̀ ni.

"Bàbá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí Èsìẹ́ lọ́dún tó kọjá."

"Ṣé oúnjẹ ọdún tó kọjá lo jẹ kúrò nílé láàárọ̀ yìí?"

Ní ìrìn-àjò ìdánwò mi àkọ́kọ́, ó ní kí a sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán, kí n lọ mọ iye tí oúnjẹ ọmọ kan yóò jẹ́. Mo sáré lọ béèrè lọ́wọ́ obìnrin mẹ́ta tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sáré padà. Mo rò pé yóò yìn mí.

"Ṣé o jẹ ẹ́?"

"Rárá, sà. Mo béèrè ni."

"Ẹnu tó béèrè ò mọ̀ bóyá ó yó. Padà lọ jẹ ẹ́."

Mo jẹ àwo kìíní. Mo jẹ ìkejì. Nídìí ìkẹta, omi ti ń bọ́ lójú mi, obìnrin tó ń bu oúnjẹ sì kọjú sí ọ̀gá mi: "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?"

"Ìwé ló ń kà yẹn, ìyá. Ẹ fi ẹ̀wà díẹ̀ kún un."

Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà. Bóyá ìbínú náà kò ju ìtìjú àti inú rírun lọ. Ṣùgbọ́n àwo ìkejì, tó wọ́n jù, kò ju ṣíbí mélòó kan lọ. Àwo ìkẹta, tó jẹ́ ìdajì owó rẹ̀, ló kún tó ohun tó lè yó ọmọ. N kì bá mọ̀. Nígbà tí a dé Àjàṣẹ́-Ìpo, ó tún bi mí pé níbo ni ọmọ àkọ́kọ́ yóò ti kígbe pé òun fẹ́ tọ̀. N kò mọ̀. Ó ní, "Fúnmi, inú ọmọ ni a fi ń ṣe ìṣúná. Owó ń tẹ̀ lé e ni. Ọmọ tí ebi ń pa ò rí ère kankan. Ọmọ tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ò gbọ́ ìtàn kankan. Uṣẹ́ wa ni pé kí wọ́n dé ibẹ̀ pẹ̀lú ojú tó là."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ọ̀nà. Mo mọ ibi tí igi òjìji wà, mo mọ ilé epo tí wọn kì í lé ọmọdé kúrò lẹ́yìnkùlé rẹ̀. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè nífẹ̀ẹ́ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní yunifásítì, ìtàn jẹ́ ohun tó ti kọjá. Nínú bọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́, ó jẹ́ ibi tí ènìyàn lè dé bí ó bá mọ iye tí yóò ná an.

Nígbà tí mo dé, ṣọ́ọ̀kì ni irinṣẹ́ ọ̀gá mi. Inú ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ló ń kọ gbogbo ìṣírò rẹ̀ sí, bí ìrìn-àjò bá sì parí a fi àkísà nù ún. Mo mú kakulétọ̀ wá. Ó ní ó ń yára jù, pé ẹni tó bá yára dé iye owó kò ní rántí ohun tó kọjá lọ́nà. Lẹ́yìn náà ni Adó di olú-ìlú ní tòótọ́, ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé sì yọ ní gbogbo kọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò gba ìwé ọwọ́ mọ́. Mo ń lọ sí Adó lọ tẹ ìṣúná wa, yóò jáde pẹ̀lú ìlà tó gún régé. Bàbá yóò gbé e sókè wò ó pé, "Ó dára bí ìwé ìgbéyàwó." Síbẹ̀ yóò tún kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn.

Ohun kan wà tí kò jẹ́ kí n yọ kúrò láé. Ìlà tó kẹ́yìn nínú gbogbo ìṣúná rẹ̀ ni èyí tó ń pè ní "Ohun-A-Ò-Mọ̀", owó kan yóò sì wà níwájú rẹ̀. Ìlà náà ni àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ máa ń kọ́kọ́ gbé bírò lé.

"Bàbá, kí wá ni ohun tí ẹ ò mọ̀?"

"Ọ̀gá, bí mo bá mọ̀ ọ́n, ǹ bá ti kọ orúkọ rẹ̀."

Bí wọ́n bá fi dandan lé e pé kó yọ ọ́, yóò ká ìwé rẹ̀, a ó sì máa lọ sílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ẹ̀rù bà mí ní ìgbà méjèèjì, nítorí ebi ń pa èmi alára, ṣùgbọ́n inú mi lọ́hùn-ún ń yìn ín.

Báyìí ni a ṣe dé ọ̀rọ̀ Odò Ọya.

Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkẹ̀rẹ́, ló gbé e wá. Ó ní abúlé àwọn Nupe kan wà létí odò náà, nísàlẹ̀ Jẹ́bà, níbi tí àwọn ère idẹ wà tó ti pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ẹni tó rọ wọ́n. N kò ní dárúkọ abúlé náà. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fẹ́ ariwo. Mo ti rí àwòrán irú ère bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Mo wo ọwọ́ ère náà nínú ìwé títí tí ẹni tó fẹ́ yá ìwé lẹ́yìn mi fi bínú. Ta ló gbé e dé etí odò? Ṣé láti Ifẹ̀ ni? Ṣé ọkọ̀ ojú omi ni? Ìbéèrè náà kò fi mí sílẹ̀ rí. Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí sọ pé òun fẹ́ kó ọgbọ̀n ọmọ lọ, mo ti mú bírò kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Bàbá fi kún un fún mi. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti ń dùn òun lórí kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀. "Èyí ni ma fi wò ọ́. Kọ ìṣúná rẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá lọ tí a bọ̀ ire, bọ́ọ̀sì yìí di tìẹ, wàá máa san án fún mi díẹ̀díẹ̀." Ẹ ò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe fún mi. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún, mo sì ń bi ara mi léèrè pé ṣé ayọ̀ ni tàbí ẹ̀rù. Àwọn méjèèjì ni.

Ní ìgbà ọlidé ńlá, nínú òjò, àwa mẹ́ta lọ tẹ ọ̀nà náà: Bàbá, Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí àti èmi. Láti Ìfàkì sí Ọ̀tùn, sí Ọ̀mù-Àrán, sí Ìlọrin, sí Jẹ́bà, títí dé ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ parí sí. Apá kan odò náà ló wà láàárín àwa àti abúlé, abúlé sì wà ní òdìkejì. Omi náà pupa bí omi amọ̀, ó ń gbé igi lọ. Àgbàlagbà Nupe kan tó ń jẹ́ Ndagi fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa kọjá. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó ti ṣiṣẹ́ ní Jẹ́bà rí. Ní òdìkejì, baálé abúlé gbà kí a mú àwọn ọmọ wá. Wọ́n fi àwọn ère hàn wá fún ìgbà díẹ̀. N kò ní lè ṣàpèjúwe wọn níhìn-ín. Bí mo bá gbìyànjú rẹ̀, n kò ní sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

Nígbà tí a ń bọ̀, Bàbá tọ́ka sí ibi tí omi dé lára igi kan. "Àwọn ọmọ ò ní nílò ọkọ̀. Oṣù kejì la ó wá. Lọ́yẹ́, ẹsẹ̀ la ó fi gba ibí kọjá." Mo gbà. Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí gbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi béèrè lọ́wọ́ Ndagi. Ará òkè ni wá. Ní Èkìtì, bí òjò bá dá, odò á gbẹ. Odò Ògbẹ̀sẹ̀ ńkọ́? Odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa ńkọ́? Nígbà ọyẹ́, òkúta inú wọn ni a ń sá aṣọ sí. Ta ni yóò béèrè bóyá odò máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ṣé ẹnì kan ń béèrè bóyá ilẹ̀ máa ń ṣú ni?

Mo kọ ìṣúná náà. Lẹ́yìn tí mo pín in, Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: mẹ́jọ nínú àwọn ọmọ náà, òbí wọn ń ṣoko kòkó ní Ìgbàrà-Odò, kòkó ọdún náà kò sì dára. Ìdajì ni wọ́n lè san. Mo wo ìwé náà títí. N kò rí ohun tí mo lè gé. Bàbá ló gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa igi la Ohun-A-Ò-Mọ̀ já.

"Bàbá!"

"A ti rí odò yẹn nígbà tó burú jù. Kí ló tún kù tí a ò mọ̀? Jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn lọ."

A lọ ní oṣù kejì. Ọyẹ́ mú débi pé ètè àwọn ọmọ là, eruku sì bo gbogbo igi ojú ọ̀nà. Wọ́n kọrin títí dé Ọ̀tùn, wọ́n sùn títí dé Ọ̀mù-Àrán, wọ́n tọ̀ níbi tí mo ti sọ pé wọn yóò tọ̀. Ìrẹsì tó wọn. Mo jókòó lẹ́yìn ọ̀gá mi, mo ń yọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, mo sì ń sọ fún ara mi pé kí n má yọ̀ jù. Oòrùn ti yẹ̀ lórí nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà parí sí. Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Kò sọ̀kalẹ̀.

"Fúnmi."

"Sà."

"Ṣé ojú mi ni?"

"Rárá, sà."

Odò náà kún. Kò sí òjò, kò sí ìkùukùu, koríko ti gbẹ kòrókòró, odò sì kún dé ibi tí ó dé lára igi ọjọ́sí. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Kò pupa mọ́. Ó dúdú, ó mọ́, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́.

Ndagi wá bá wa, ọwọ́ lẹ́yìn. Nígbà tí a béèrè iyanrìn tí a fẹ́ rìn lórí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Ẹ̀yin ará òkè! Odò tiyín ló ń gbẹ lọ́yẹ́. Omi méjì ni tiwa ní lọ́dún. Èyí tó pupa, òjò tiwa ni. Èyí tó dúdú yìí, òjò rẹ̀ ti rọ̀ tipẹ́, lókè odò lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ àwọn Bàḿbàrá, nígbà tí ẹ wà níbí lọ́jọ́sí. Ó ti ń rìn bọ̀ láti ìgbà náà. Ó gba etí aṣálẹ̀ kọjá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Bí ó bá wá pọ̀ jù fún àwọn onídáàmù tó sé odò lókè, wọ́n á tú u sílẹ̀ fún wa."

Nínú gbogbo ìdààmú náà, mo jẹ́wọ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí mo rò ni pé, ẹ wo bó ṣe dára tó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rù dé.

Àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù ti lọ pàgọ́ síbi tí wọ́n ti ń pẹja. Ọkọ̀ Ndagi nìkan ló kù, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ín, kò lè gbé wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dín owó rẹ̀ kù fún wa, ó tún dín in kù. Mo kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Bí a bá yọ owó epo tí a ó fi padà sílé àti oúnjẹ alẹ́, ohun tó kù yóò gbé bíi méjìlélógún lọ, yóò sì gbé wọn bọ̀. Mẹ́jọ ni kò ní lè lọ. Ẹ rí i pé n kò nílò láti wá ẹni mẹ́jọ náà jìnnà.

Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. "Àwọn tó san owó pé ni kó lọ. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn bú wa."

Ọmọkùnrin kan láti Ìgbàrà-Odò ti gbọ́. Ó wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fi owó epo lọ, sà," ni Bùkọ́lá wí, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dá.

"Ká wá ti bọ́ọ̀sì dé Ìkẹ̀rẹ́? Ìwọ ni wàá wà níwájú," ni Bàbá dáhùn. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. "Ìwọ lo kọ ìṣúná. Sọ̀rọ̀."

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kí àwọn méjìlélógún lọ, ìrìn-àjò náà ti yọrí nìyẹn, bọ́ọ̀sì sì di tèmi. Mo fẹ́ bọ́ọ̀sì náà. Mo fẹ́ kí èmi fúnra mi tún rí àwọn ère náà, gidi gan-an ni mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mo ń rí àwọn mẹ́jọ tí yóò jókòó létí omi títí tí àwọn yòókù yóò fi padà wá máa ròyìn. Mo ní, "Gbogbo wa la ó lọ, tàbí kí ẹnikẹ́ni má lọ." Ohùn mi tínrín débi pé mo ní láti tún un sọ.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ kan sunkún. Bùkọ́lá bínú, ó ta ilẹ̀ ní ìpá, ó sì pariwo, ó di ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo sáré lọ wò ó. Ohun tó ta ẹsẹ̀ mọ́ kì í ṣe òkúta. Àpáàdì ni, etí rẹ̀ ló yọ sókè. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti òmíràn, wọ́n tò wọ́n nínàró, wọ́n fì sọ́tùn-ún, wọ́n fì sósì, bí egungun ẹja. Omi ti jẹ bèbè náà, ó sì ti ṣí i sílẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹnì kan fi ọwọ́ tẹ́ ni.

"Bàbá Ndagi, kí nìyí?"

"Ìlú àtijọ́ náà ni. Ṣé ẹ rò pé òdìkejì ló wà? Àwọn ère nìkan ni wọ́n gbé sá fún omi. Ibí ni wọ́n ń gbé. Orí àgbàlá ẹnì kan ni bọ́ọ̀sì yín dúró sí yẹn."

Bàbá rọra wa bọ́ọ̀sì sẹ́yìn kúrò lórí àgbàlá náà, bí ẹni tó tẹ aṣọ àgbà mọ́lẹ̀. Títí oòrùn fi rẹlẹ̀ ni àwọn ọmọ fi kúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń fi ìdí bírò wọn ìlà, wọ́n ń yàwòrán, wọ́n ń jiyàn ibi tí ẹnu ọ̀nà yóò wà. A kò mú ẹyọ kan kúrò. Ọmọkùnrin Ìgbàrà-Odò yẹn ló kọ́kọ́ rí ibi tí kòtò omi òjò àgbàlá náà gbà. Nígbà tí a ń lọ sùn ní Ìlọrin, kò sẹ́ni tó ń sunkún mọ́.

Mo rò pé a ti bọ́. Ẹ ò mọ àwọn òbí àwọn ọmọ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. "Kí ni ọmọ mi rí?" ni ìyá kan bi mí. Mo ṣàlàyé. Mo fi ọwọ́ júwe egungun ẹja.

"Àpáàdì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ṣùgbọ́n..."

"Àpáàdì kún ẹ̀yìn ulé mi, Fúnmi! Èmi ni ma ta uṣu, kí ọmọ mi lọ wo àpáàdì ní Jẹ́bà?"

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dára. Àwọn tó san owó pé ní ọmọ àwọn ì bá ti rí ère bí kì í bá ṣe tèmi. Òótọ́ ni. Bàbá dìde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún, ó sọ fún mi ní ohùn ìsàlẹ̀ pé, "Jókòó. Àpáàdì ló tó ko iná lójú." Ó wá sọ fún gbogbo wọn pé ère ni òun ṣèlérí, wọn kò rí ère, òun yóò sì dá owó gbogbo wọn padà pé, títí kan oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ.

Ó ti yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra táyà tuntun fún ìrìn-àjò náà. Ìròyìn náà sì tàn. Ilé ẹ̀kọ́ méjì tó yẹ ká kó yí ọkàn padà, kò sì sí ohun tó kù tí Bàbá lè fi san gbèsè ju bọ́ọ̀sì lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì tí mo sọ yẹn, aago mẹ́rin, ọkùnrin kan tó ń kó pákó wá gbé Jẹ́jẹ́ lọ. Ìṣírò etí odò ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ fi ọwọ́ nù ún. Bàbá ní, "Jọ̀ọ́, ó di ulé rẹ."

Mo bẹ Bàbá pé kó dárí jì mí. Ó ní kí ni mo ṣe? Ó ní bí mo bá kó àwọn méjìlélógún yẹn kọjá, òun ì bá fún mi ní bọ́ọ̀sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò ní bá mi jókòó nínú rẹ̀. N kò tíì mọ bóyá ó sọ ọ́ láti tù mí nínú ni. Mo ti rò ó títí.

Ibi tí mo wà nìyí. Iṣẹ́ ìjọba tí mo ti ń retí láti ọdún mẹ́ta ti dé: kí n wá kọ́ni ní Òmùò-Èkìtì, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé Àjíǹde. Ẹni tí kò bá yọjú lọ́jọ́ náà, wọn yóò fi ẹlòmíràn sí i. Màmá mi ti ra báàgì fún mi, ó sì ti ròyìn fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ọlọ́kọ̀ àlùbọ́sà kan jẹ́ iṣẹ́ Ndagi fún wa: omi dúdú ti ń fà. Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni iyanrìn yóò yọ gbẹ, kí òjò tó dé. Ó ní kí àwọn ọmọ àpáàdì máa bọ̀, kí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ kọjá. Bùkọ́lá àti àwọn mọ́kàndínlógún mìíràn ti wá kúnlẹ̀ níwájú ilé wa, àwọn mẹ́jọ Ìgbàrà-Odò wà nínú wọn. Àwọn òbí kan ti gbà. Ìyá tó pariwo nípa àpáàdì wà lára wọn, nítorí ọmọ rẹ̀ ti hú gbogbo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tán. Dírẹ́bà kan yóò yá wa ní ọkọ̀ bí a bá lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an. Kò ní àyè mìíràn. Bàbá ní òun yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọkàn mi ń lọ síhìn-ín, ó ń bọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé gbogbo lẹ́tà tí mo kọ láti ọjọ́ yìí wá, òjò ni, ó rọ̀ síbìkan tí n kò sí, omi rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, òun ni Òmùò yìí. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé Odò Ọya ni omi tèmi.

Mo ti kọ ìṣúná tuntun náà, mo sì ti tẹ ọ̀nà rẹ̀ títí dé Ìlọrin. Gbogbo ìlà rẹ̀ ti pé àyàfi èyí tó kẹ́yìn. Mo kọ Ohun-A-Ò-Mọ̀ síbẹ̀, mo gbé bírò dání, n kò sì mọ ohun tí mo lè kọ síwájú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ju èmi lọ, Òmùò ni kí n lọ, tàbí etí odò? Bí ó bá sì jẹ́ etí odò, ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni kí n kọ síbẹ̀?